Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: “Wọ́n Ní Ọ̀rọ̀ Ẹbí Ni”

Lẹ́tà tí ó dé ọ́fíìsì wa lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ obìnrin pọ̀ ju èyí tí ojú ìwé yìí lè gbà lọ, nítorí náà márùn-ún ni a yàn. A yọ orúkọ àwọn tí ó kọ wọ́n, a sì gé díẹ̀ kúrò nínú èyí tí ó gùn jù. Ohun tí wọ́n fi jọra ni pé ẹnì kan ti sọ fún ẹni tí ó kọ̀wé pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í ṣe ti òfin, pé ọ̀rọ̀ ẹbí ni, tàbí ọ̀rọ̀ tọkọtaya, tàbí ọ̀rọ̀ ọ̀gá àti òṣìṣẹ́. A kò gbà bẹ́ẹ̀, a ó sì sọ ìdí rẹ̀.

Olóòtú mi ọ̀wọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Oṣù kìíní ọdún yìí ni ọkọ mi kú. Inú ilé ẹbí rẹ̀ ní Ìsàlẹ̀ Èkó ni a ń gbé, ṣùgbọ́n a ti kọ́ ilé oníyàrá mẹ́fà kan sí Ṣómólú, àwọn ayálégbé sì wà nínú rẹ̀. Aṣọ ni mò ń tà ní Balógun, owó àjọ mi ni a sì fi ra púpọ̀ nínú sìmẹ́ńtì àti gbogbo páànù ilé náà. Ìdána nìkan ni a ṣe, a kò lọ sí kóòtù. Ọmọ mẹ́ta ni mo bí fún un, obìnrin méjì àti ọkùnrin kan tí kò tíì pé ọdún mẹ́wàá. Kí ogójì ọjọ́ tó pé ni ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ti gba ìwé ilé àti kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ mi. Ó ní kí n kó jáde, pé ilé ọkọ ni àwọn ọmọbìnrin mi ń lọ, kò sí ìpín fún wọn, òun yóò sì máa bá ọmọkùnrin náà tọ́jú tirẹ̀ títí yóò fi dàgbà. Nígbà tí mo ní n ó lọ bá lọ́yà, àwọn àgbà ní mo fẹ́ tú ẹbí ká. Ǹjẹ́ òfin kankan wà tí ó lè gbà mí?
Opó kan, Ìsàlẹ̀ Èkó

Ìyáàfin, ẹ kú àṣẹ̀yìndè. Olúwa yóò bá yín tọ́ àwọn ọmọ náà dàgbà. Ẹ jẹ́ kí a pín ọ̀rọ̀ yín sí méjì, nítorí pé ìpín àwọn ọmọ yín àti ìpín tiyín kò rí bákan náà lójú òfin, ọ̀pọ̀ opó ni ó sì ń pa méjèèjì pọ̀ tí ẹjọ́ wọn fi ń wọ́.

Ní ti àwọn ọmọbìnrin yín, ohun tí ẹ̀gbọ́n ọkọ yín sọ kì í ṣe àṣà Yorùbá rárá. Ó lè jẹ́ pé ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn ni ó ti gbọ́ ọ, ó sì lè jẹ́ pé ojúkòkòrò ni ó kọ́ ọ. Nínú ẹjọ́ Lewis àti Bankole, tí wọ́n dá ní 1908 lórí ilé ẹbí kan ní Èkó níbí, ilé ẹjọ́ fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ọmọ ni ọmọbìnrin nínú ilé baba rẹ̀, àní pé ọmọbìnrin tí ó bá dàgbà jù lè jẹ́ olórí ẹbí. Nígbà tí ó yá, ẹjọ́ Danmole àti Dawodu wáyé lórí ogún ọkùnrin kan tí ó fi ìyàwó mẹ́rin àti ọmọ mẹ́sàn-án sílẹ̀ láìkọ ìwé ìhágún. Ìjà náà dá lórí bóyá ìdí-igi ni kí wọ́n fi pín in, ìyẹn ni pé kí wọ́n ka iye ìyàwó tí ó bímọ, tàbí orí-ò-jorí, tí í ṣe pé kí wọ́n ka iye ọmọ. Ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ní ilẹ̀ wa fọwọ́ sí ìdí-igi ní 1958, ìgbìmọ̀ ìdájọ́ ọba ní Lọ́ńdọ́nù sì tì í lẹ́yìn ní 1962. Ẹ kíyè sí i pé nínú ọ̀nà méjèèjì, ọmọ ni wọ́n ka ọmọbìnrin sí, kò sí èyí tí ó yọ ọ́ sílẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀yin nìkan ni ìyàwó tí ó bímọ fún olóògbé, àwọn ọmọ yín mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni wọ́n ni ilé Ṣómólú, ìpín wọn sì dọ́gba.

Àní bí ẹnì kan bá sọ pé àṣà ẹ̀yà òun yàtọ̀, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ti tilẹ̀kùn yẹn ní 2014. Nínú ẹjọ́ Ukeje, ọmọ Igbo kan tí ó kú ní Èkó ní 1981, ni wọ́n ti sọ pé àṣà tí ó bá du ọmọbìnrin ní ogún bàbá rẹ̀ lòdì sí ìwé òfin Nàìjíríà, pàápàá abala 42 tí ó ní wọn kò gbọdọ̀ fi bí a ṣe bí ènìyàn tàbí bí ó ṣe jẹ́ obìnrin dù ú ní ẹ̀tọ́. Ìdájọ́ náà dára gan-an, ṣùgbọ́n ẹ wo iye ọdún tí ó wà láàárín ikú bàbá àti ọjọ́ tí ọmọ rí ìdájọ́ gbà: ó lé ní ọgbọ̀n. Ìdí nìyí tí n kò fi ní sọ fún yín pé kí ẹ fọkàn balẹ̀ nítorí pé òfin wà.

Ní ti ẹ̀yin fúnra yín, n kò ní pọ́n yín lé lórí irọ́. Àṣà Yorùbá kò fún ìyàwó ní ogún ọkọ. Ẹ̀jẹ̀ ni ogún ń tẹ̀ lé, ìyàwó kì í sì í ṣe ẹ̀jẹ̀ ọkọ. Bẹ́ẹ̀ ni ilé ẹjọ́ ti wí láti ìgbà ẹjọ́ Sogunro-Davies ní 1929, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n tún wí nínú ẹjọ́ Suberu àti Sunmonu ní 1957. Àwọn kan fẹ́ràn láti máa sọ pé kò sí ibi tí àṣà wa ti ni obìnrin lára. Mo fẹ́ràn àṣà wa, ṣùgbọ́n níbi yìí ó ni opó lára, kò sì yẹ kí a máa bò ó mọ́lẹ̀. Òun ni ó jẹ́ kí obìnrin lè fi ogún ọdún rọ bíríkì pẹ̀lú ọkọ rẹ̀, kí ó sì di àlejò nínú ilé náà ní ọjọ́ tí wọ́n sin ọkọ. Ká ní ẹ ti ṣe ìgbéyàwó kóòtù, òfin ìṣàkóso ogún ti ìpínlẹ̀ Èkó ìbá fún yín ní àwọn ẹrù inú ilé àti ìdá kan nínú mẹ́ta ohun tí ó kù, kí ìdá méjì jẹ́ ti àwọn ọmọ. Ká ní yìgì ni ẹ ṣe, tí wọ́n sì fi ìlànà ẹ̀sìn Ìsìláàmù pín ogún náà, ìdá kan nínú mẹ́jọ ni ìpín opó tí ọkọ rẹ̀ fi ọmọ sílẹ̀. Ìdána nìkan kò fún yín ní ìkankan nínú méjèèjì. Mo sọ èyí fún àwọn obìnrin mìíràn tí ń ka ìwé yìí tí ọkọ wọn ṣì wà láàyè: kóòtù ìjọba ìbílẹ̀ kò jìnnà sí ibi tí ẹ ń gbé, kì í sì í ṣe àìnígbàgbọ́ nínú ọkọ ni kí ènìyàn ní ìwé.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yín kò tíì bàjẹ́, nítorí pé ohun mẹ́ta ṣì wà lọ́wọ́ yín. Àwọn ọmọ yín ni ó ni ilé náà, ẹ̀yin ni ìyá wọn, ẹ̀yin ni ó sì ń tọ́ wọn. Ẹni tí ó bá lé yín jáde ń lé wọn jáde. Èkejì ni pé àṣà kan náà tí kò fún opó ní ogún gbà pé ó lẹ́tọ̀ọ́ láti máa gbé inú ilé ọkọ rẹ̀ níwọ̀n ìgbà tí kò bá tíì fẹ́ ẹlòmíràn, ẹbí kò sì lè fi ìbínú lásán tì í síta. Ẹ̀kẹta ni owó yín. Ohun tí ènìyàn fi owó ara rẹ̀ rà kì í ṣe ogún, ṣùgbọ́n ilé ẹjọ́ kò ní gba “mo ràn án lọ́wọ́” gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí. Ẹ wá rìsíìtì sìmẹ́ńtì àti páànù náà. Bí ẹ kò bá rí i, ẹ lọ bá ẹni tí ó tà á fún yín, ẹ bá alájọ yín kí ó mú káàdì tàbí ìwé rẹ̀ jáde, ẹ gba àkọsílẹ̀ báńkì, ẹ sì wá bíríkìlà tí ẹ̀yin fúnra yín san owó fún. Gbogbo èyí ni kí ẹ ṣe kí ẹ tó tún bá ẹnikẹ́ni jà.

Ẹ má fọwọ́ sí ìwé kankan tí wọ́n bá gbé wá, ì báà jẹ́ pé owó oúnjẹ ni wọ́n ní kí ẹ fọwọ́ sí. Ẹ lọ sí ẹ̀ka ilé ẹjọ́ gíga Èkó tí ń rí sí ogún, tí wọ́n ń pè ní Probate, kí ẹ fi ìwé ìdádúró síbẹ̀, kí wọ́n má baà fún ẹ̀gbọ́n ọkọ yín ní ìwé àṣẹ ìṣàkóso lẹ́yìn yín. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ béèrè fún ìwé àṣẹ yẹn ní orúkọ àwọn ọmọ, kí orúkọ yín sì wà nínú àwọn alábòójútó. Bí ilé náà bá ní ìwé tí wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba, ẹ lè rí kọ́pì rẹ̀ gbà ní ọ́fíìsì ilẹ̀ ní Aláúsá, nítorí náà ìwé tí ó gbà lọ́wọ́ yín kì í ṣe òpin ayé. Ẹ jẹ́ kí lọ́yà kọ̀wé sí àwọn ayálégbé pé ẹni tí kò ní ìwé àṣẹ kò lẹ́tọ̀ọ́ láti gba owó ilé. Bí kò bá sí owó lọ́yà, ọ́fíìsì ìjọba Èkó kan wà tí ń bá àwọn tí kò lówó ṣe ẹjọ́ lọ́fẹ̀ẹ́, OPD ni wọ́n ń pè é, ẹgbẹ́ àwọn obìnrin agbẹjọ́rò, FIDA, náà sì ń ran obìnrin lọ́wọ́ lórí irú ọ̀rọ̀ báyìí.

Ní ti àwọn àgbà tí ó ní ẹ fẹ́ tú ẹbí ká, ẹ bi wọ́n ohun tí wọ́n ṣe ní ọjọ́ tí wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ opó tí kò tíì bọ́ aṣọ ọ̀fọ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ ìlàjà tòótọ́, ilé ìlàjà ìjọba Èkó, CMC, wà, ọ̀fẹ́ ni, ohun tí ẹ bá sì fẹnu kò sí níbẹ̀ yóò wà nínú ìwé.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ni ẹ ń wá gan-an? Láti ìgbà tí ìwé ìròyìn yín ti ń gbé ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ obìnrin jáde ni ìyàwó mi ti ń bi mí ní ohun tí kò bi mí rí. Ìyàwó mẹ́ta ni bàbá mi fẹ́, kò sì sí èyí tí ó gbé e lọ sí kóòtù. Ọ̀rọ̀ òyìnbó ni gbogbo èyí, ilé wa ni ẹ fẹ́ fi tú. Àwọn ìyá wa kò ṣe bẹ́ẹ̀.
Baálé ilé kan, Agége

Bàbá, a dúpẹ́ pé ẹ kọ̀wé, inú wa sì dùn pé ìyàwó yín ń ka ìwé ìròyìn wa.

Ẹ ní àwọn ìyá wa kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a rán ara wa létí ohun tí àwọn ìyá wa ṣe ní Èkó yìí. Àlímọ́tù Pẹ́lẹ́wúrà kò mọ̀wé, kò lọ sí ìlú òyìnbó, ẹja ni ó ń tà ní ọjà Ẹrẹ́kọ̀, Mùsùlùmí sì ni. Òun ni olórí ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ọlọ́jà Èkó. Nígbà tí ìròyìn kàn ní 1932 pé ìjọba àwọn òyìnbó fẹ́ gba owó-orí lọ́wọ́ obìnrin, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ bá ìjọba, wọ́n sì rí ìlérí gbà pé kò ní rí bẹ́ẹ̀. Ní 1940, ìjọba gbàgbé ìlérí yẹn, wọ́n ṣe òfin pé obìnrin tí owó tí ń wọlé fún un bá ju àádọ́ta pọ́n-ùn lọ lọ́dún yóò máa san owó-orí. Àwọn obìnrin ti ọjà pa, wọ́n rọ́ lọ sí ọ́fíìsì aṣojú ìjọba, wọ́n sì bi í léèrè ìdí tí ẹni tí kò lè dìbò yóò fi san owó-orí. Ìjọba gbé iye náà láti àádọ́ta sí igba pọ́n-ùn, èyí tí ó yọ ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn ọlọ́jà kúrò. Nígbà ogun àgbáyé kejì, ìjọba tún fẹ́ máa fi agbára sọ iye tí wọn yóò ta gààrí àti oúnjẹ mìíràn, lábẹ́ ètò tí òyìnbó kan tí ń jẹ́ Pullen ń darí. Àwọn obìnrin yìí náà ni kò gbà, ètò yẹn sì parí ní 1945. Pẹ́lẹ́wúrà kú ní 1951, ọmọ Èkó tí ó mọ orúkọ rẹ̀ lónìí kò sì pọ̀ tó bí ó ti yẹ.

Ní 1944, Òyínkán Àbáyọ̀mí dá ẹgbẹ́ òṣèlú àwọn obìnrin sílẹ̀ ní Èkó, nítorí pé àwọn ọkùnrin tí ń bá òyìnbó jà fún òmìnira kò ka obìnrin mọ́ àwọn tí òmìnira náà wà fún. Ní Abẹ́òkúta, Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti kó àwọn obìnrin jọ títí Aláké fi kúrò lórí oyè fún ìgbà díẹ̀ ní 1949. Ó yẹ kí a sọ pé òyìnbó gan-an ni púpọ̀ nínú wọn ń bá jà. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ní ọ̀dọ̀ òyìnbó ni obìnrin Yorùbá ti kọ́ bí a ti ń béèrè ẹ̀tọ́, ìtàn ni kò kà.

Òfin tí Èkó ṣe ní 2007 lórí ìwà ipá abẹ́lé kò sọ pé obìnrin nìkan ni yóò lò ó. Bí ìyàwó bá ń na ọkọ, tàbí ọmọ ń na bàbá rẹ̀ tí ó ti darúgbó, ilẹ̀kùn kan náà ni wọn yóò kàn. Ní ti àwọn ìyá yín mẹ́ta tí kò gbé bàbá yín lọ sí kóòtù, ó lè jẹ́ pé wọn kò ní ẹ̀sùn, ó sì lè jẹ́ pé wọn kò rí ẹni tí wọn yóò fi í sùn. Bí èyíkéyìí nínú wọn bá ṣì wà láyé, ẹ bi í nígbà tí ẹ̀yin méjèèjì nìkan bá wà níbẹ̀. Ìyàwó yín tí ń bi yín léèrè, ẹ dá a lóhùn. Ẹni tí ó fẹ́ tú ilé kì í béèrè, yóò kàn kó ẹrù rẹ̀ ni.

Ọmọbìnrin kan wà nínú ilé tí ó kọjú sí tiwa ní Sùúrùlérè, kò lè ju ọdún mọ́kànlá lọ. Aago márùn-ún ìdájí kì í lù bá a lórí ibùsùn, mọ́tò ni ó ń fọ̀. Bí àwọn ọmọ ọ̀gá rẹ̀ bá wọ yunifọ́ọ̀mù, òun ni yóò gbé báàgì wọn dé ẹnu ọ̀nà, òun fúnra rẹ̀ kò lọ sí ilé ẹ̀kọ́ kankan. Lóru a máa ń gbọ́ igbe rẹ̀. Ọkọ mi ní kí n má dá sí i, pé yóò di ìjà àdúgbò. Kí ni kí n ṣe?
Aládùúgbò, Sùúrùlérè

Ẹ dá sí i, ṣùgbọ́n ẹ fi ọgbọ́n ṣe é. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2003 kò fàyè gba kí wọ́n fi ọmọdé ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ ní ilé tí kì í ṣe ti òbí tàbí ẹbí rẹ̀, Èkó sì ṣe òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé tirẹ̀ ní 2007. Òfin ètò ẹ̀kọ́ ọdún 2004 sì sọ ọ́ di dandan kí gbogbo ọmọ parí ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́ ní girama. Àwọn ènìyàn máa ń sọ pé “ìyá rẹ̀ ni ó fà á lé wa lọ́wọ́.” Ó lè jẹ́ òótọ́. Ìlérí tí wọ́n ń ṣe fún ìyá lábúlé ni pé ọmọ yóò lọ sí ilé ìwé ní Èkó, bí ó bá sì dé Èkó tán, òun ni yóò máa múra fún àwọn tí ń lọ. Ìyá kò fi ọmọ sílẹ̀ kí wọ́n lè máa nà án lóru.

Ẹ kọ ọjọ́ àti àkókò tí ẹ gbọ́ igbe sílẹ̀, àti ohun tí ẹ fojú ara yín rí, kì í ṣe ohun tí àwọn aládùúgbò ń sọ. Ẹ má lọ kan ilẹ̀kùn wọn pẹ̀lú ariwo, nítorí pé bí ẹ bá ti kúrò níbẹ̀, ọmọ náà ni wọn yóò fi ìyà rẹ̀ jẹ, ó sì lè jẹ́ pé ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò ní bá a nínú ilé yẹn mọ́. Ẹ má sì mú un wọ ilé yín pamọ́ láìsọ fún aláṣẹ, kí wọ́n má baà sọ pé ẹ jí ọmọ gbé. Ẹ fi tó àjọ ìjọba Èkó tí ń rí sí ìwà ipá abẹ́lé àti ti ìbálòpọ̀ létí, èyí tí wọ́n ń pè ní DSVA, tàbí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tí ń rí sí ire ọmọdé. Bí igbe náà bá ń lọ lọ́wọ́, ẹ pe 112 tàbí 767, kò ní gba owó lórí fóònù yín. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ya fọ́tò ọmọ náà sórí Facebook. Èrò rere ni ọ̀pọ̀ fi ń ṣe é, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ yóò ṣì wà níbẹ̀ nígbà tí ó bá di ìyá ọmọ.

Ohun kan wà tí ẹ kò sọ nínú lẹ́tà yín tí mo ní láti mẹ́nu bà. Bí ìfura bá wà pé ẹnì kan ń bá ọmọ náà sùn, ọ̀rọ̀ náà ti kọjá ti iṣẹ́ ilé. Òfin ìwà ọ̀daràn Èkó fi ẹ̀wọ̀n gbére ṣe ìjìyà ẹni tí ó bá bá ọmọdé lò pọ̀. Ilé ìtọ́jú Mirabel, tí wọ́n ṣí ní 2013 nínú ọgbà ilé ìwòsàn LASUTH ní Ìkẹjà, ń ṣe àyẹ̀wò àti ìtọ́jú lọ́fẹ̀ẹ́ fún ẹni tí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ sí. Kí wọ́n má wẹ̀ fún un, kí wọ́n má fọ aṣọ rẹ̀, inú bébà ni kí wọ́n kó aṣọ náà sí kì í ṣe inú náílọ́ọ̀nù, kí wọ́n sì gbé e débẹ̀ kí wákàtí méjìléláàádọ́rin tó pé, nítorí pé oògùn tí ń dènà àrùn kògbóògùn HIV kì í ṣiṣẹ́ mọ́ lẹ́yìn àkókò yẹn.

Ní ti ọkọ yín, ẹ sọ fún un pé wọn kì í dárúkọ ẹni tí ó mú ẹ̀sùn wá fún ẹni tí wọ́n fi sùn, bí ẹni náà kò bá fẹ́.

Ọkọ mi nà mí títí ojú mi fi wú. Mo lọ sí tẹ́ṣàn ọlọ́pàá, ẹni tí mo bá lórí káńtà bi mí ohun tí mo ṣe fún ọkọ mi, ó ní kí n padà sílé lọ tọrọ àforíjì, pé àwọn kì í dá sí ọ̀rọ̀ tọkọtaya. Ìyá mi náà ní kí n ní sùúrù. Mo ti ní sùúrù.
Ìyá ọlọ́mọ méjì, Ajégúnlẹ̀

Ẹ kú ìfaradà, ọ̀rọ̀ yín kan wá lára. Ẹ mú ọ̀rọ̀ ẹni orí káńtà yẹn kúrò lọ́kàn, kì í ṣe òfin. Ẹ̀ṣẹ̀ ni kí ènìyàn lu ènìyàn ní Èkó, ìdána kò sì sọ ọ́ di ẹ̀tọ́. Òfin ọdún 2007 tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan kò dúró sórí lílù nìkan. Ó ka ìdẹ́rùbà mọ́ ìwà ipá, ó ka èébú tí ń ba ọkàn jẹ́ mọ́ ọn, ó sì ka kí ọkọ fi owó oúnjẹ du ìyàwó tàbí kí ó ba ọjà rẹ̀ jẹ́ mọ́ ọn pẹ̀lú. Lábẹ́ rẹ̀, ẹ lè béèrè fún ìwé àṣẹ ààbò ní ilé ẹjọ́, èyí tí yóò kà á léèwọ̀ fún un láti fọwọ́ kàn yín, tàbí láti wá sí ibi tí ẹ ń gbé tàbí ibi tí ẹ ti ń ṣòwò. Bí ọ̀rọ̀ bá le, ilé ẹjọ́ lè kọ́kọ́ fún yín ní ti ìgbà díẹ̀ kí ó tó gbọ́ ẹnu rẹ̀. Kò pọn dandan kí ẹ̀yin fúnra yín lọ béèrè. Ẹlòmíràn lè bá yín ṣe é bí ẹ bá fọwọ́ sí i.

Kí ojú yín tó san, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba, ẹ sọ fún dókítà bí ó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an, ẹ má sọ pé ẹ ṣubú ní balùwẹ̀, ẹ sì gba ìwé rẹ̀. Ẹ fi fọ́tò ránṣẹ́ sí ẹnì kan tí ẹ gbẹ́kẹ̀ lé, nítorí pé fóònù yín lè fọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ bá DSVA. Láti 2014 ni ìjọba Èkó ti dá ikọ̀ tí ń ṣe irú iṣẹ́ yìí sílẹ̀, òfin sì sọ ọ́ di àjọ tí ó dúró lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ní 2021. Òṣìṣẹ́ wọn lè bá yín padà sí tẹ́ṣàn yẹn, mo sì lè sọ fún yín pé ohùn orí káńtà máa ń yí padà bí ó bá rí i pé obìnrin kò dá wá. Ẹ béèrè orúkọ DPO, òun ni ọ̀gá tẹ́ṣàn, òun náà ni ẹ ó fi ẹ̀sùn sùn bí wọ́n bá tún kọ̀.

Ẹ kó ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí àwọn ọmọ, káàdì báńkì yín àti owó mọ́tò sí ilé ẹlòmíràn, kì í ṣe ilé ìyá yín nìkan, torí ibẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ wá yín dé. N kò ní bá ìyá yín jà; sùúrù ni ìyá tirẹ̀ náà kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà tí wọ́n ń pín sùúrù fún ẹni tí wọ́n nà, èwo nínú wọn ni ó ti lọ di ọwọ́ ọkùnrin náà mú? Ìlàjà dára lórí ìjà owó oúnjẹ tàbí ìjà àna. Kì í ṣe lórí ẹ̀ṣẹ́.

Olùkọ́ ni mí ní ilé ẹ̀kọ́ aládàáni kan ní Yábà, ọdún kejì mi níbẹ̀ rèé. Mo lóyún oṣù méje. Ọ̀gá wa ní bí mo bá lọ bímọ, kí n má padà wá, pé àdéhùn àwa méjèèjì ni, ìjọba kò sí níbẹ̀. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?
Olùkọ́, Yábà

Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ kú ewu ọ̀nà, ẹ ó gbóhùn ìyá, ẹ ó gbóhùn ọmọ. Abala 54 nínú òfin iṣẹ́ ilẹ̀ wa fún aboyún ní ìsinmi ọ̀sẹ̀ méjìlá, mẹ́fà kí ó tó bí, mẹ́fà lẹ́yìn tí ó bá bí, bí dókítà bá ti fi ìwé sọ ọjọ́ ìkúnlẹ̀. Ẹni tí ó bá ti ṣiṣẹ́ fún oṣù mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀ gbọ́dọ̀ gba ó kéré tán ìdajì owó oṣù rẹ̀ ní gbogbo àkókò yẹn, ọ̀gá kò sì gbọdọ̀ fún un ní ìwé ìdádúró níṣẹ́ nígbà tí ó bá wà nínú ìsinmi náà. Bí ó bá padà sẹ́nu iṣẹ́, ó ní ẹ̀tọ́ sí ìdajì wákàtí lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ láti fún ọmọ lọ́yàn. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ń gba oṣù mẹ́fà láti 2014, wọ́n sì ń fún bàbá ọmọ pẹ̀lú ní ìsinmi ọjọ́ mẹ́wàá, ṣùgbọ́n ètò yẹn kò de ilé iṣẹ́ aládàáni, nítorí náà ẹ má fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ pẹ̀lú ọ̀gá yín.

Ẹ kọ lẹ́tà ìsinmi báyìí, ẹ fi ìwé dókítà mọ́ ọn, kí ẹni tí ó gbà á fọwọ́ sí kọ́pì tí ó wà lọ́wọ́ yín. Ohun tí ọ̀gá yín fi ẹnu sọ, ẹ dá a padà fún un nínú lẹ́tà náà pẹ̀lú ọ̀wọ̀, pé “ẹ ti sọ fún mi ní ọjọ́ báyìí pé”. Ọ̀pọ̀ ọ̀gá kì í fẹ́ rí irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ nínú ìwé. Bí ó bá lé yín síbẹ̀, ilé ẹjọ́ tí ń gbọ́ ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ wà ní Ìkòyí, OPD lè bá yín lọ; lẹ́tà ìgbàsíṣẹ́ yín, àkọsílẹ̀ owó oṣù láti báńkì àti kọ́pì lẹ́tà tí wọ́n fọwọ́ sí yẹn ni ẹ ó mú dání.